Ẹlòmíràn Ni Wọ́n Ń Fura Sí Lórí Ọ̀rọ̀ Tí Èmi Sọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá rí mi lónìí, ẹ ó rò pé kò sí ohun tó ń ṣe mí. Mò ń jẹun, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń kí ènìyàn, wọ́n sì ń kí mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí ènìyàn méjì bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, màá rò pé èmi ni wọ́n ń sọ. Bí ọkọ mi bá pè mí lẹ́ẹ̀mejì, màá ti máa rò ó pé kí ni wọ́n tún sọ fún un? Bí ẹni tó ń ra gàrí bá wo ojú mi pẹ́, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé ojú kúrò. Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé mi tí kì í ṣe èmi ni mo bí i. Màrí lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, tí á ní, "Màmá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín." Ẹ gbà mí o! Ṣé irú àdúrà yìí ló yẹ kí ẹni tó ṣe ohun tí mo ṣe máa ṣe àmín sí? Èmi ni mo lé ìyá ọmọ yìí kúrò nílùú. N kò fi ọwọ́ tì í, n kò gbé igi sí i. Ẹnu ni mo fi lé e.

Ìwòyè-Kétu ni mò ń gbé, ní ìhà Ìmẹ̀kọ, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti tán tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ilẹ̀ Faransé, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rí á rò pé odi gíga kan ló wà láàárín. Kò sí odi kankan. Oko ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ ní ìhín, ó parí sí ọ̀hún. Kétu kan náà ni gbogbo wa, ohùn kan náà là ń fọ̀, ẹ̀gbọ́n wà níbí, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó ti bodè, ènìyàn lè gbé ọbẹ̀ kaná, kó rékọjá lọ kí ìyá rẹ̀, kó sì padà dé kí ẹran inú ọbẹ̀ náà tó rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé níbo ni wọ́n ti bí ọ.

Ọ̀hún ni wọ́n bí èmi sí. Mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí bàbá mi fà mí lé àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ ní Ìwòyè, nítorí pé ìyẹn kò rí ọmọ bí. Obìnrin náà tọ́ mi, ó fi mí sí ilé-kéwú àti ilé-ìwé, ó sì fa ọwọ́ mi lé ọkọ lọ́wọ́. Orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè é, ìyá lagbájá, ohun tó sì ti ń fi omi ojú tọrọ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. N kò lè fi ẹnu mi sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kọ́ ló bí mi. Ọkọ mi pàápàá, òun ló mọ̀ ní ìyá mi títí obìnrin náà fi di olóògbé. Àwọn àgbà tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ti kú tán. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù ní Ìwòyè tó mọ̀, ẹni náà ni Ìyá Màrí.

Abúlé kan náà ni wọ́n ti bí èmi àti Ìyá Màrí, ṣùgbọ́n mo fi bí ọdún mẹ́rin jù ú lọ; ìgbà tí mo bá lọ kí bàbá mi lọ́hùn-ún la jọ máa ń ṣeré. Ó ti tó ogún ọdún báyìí tí àgbẹ̀ kan ní Ìwòyè gbé e níyàwó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi lọ́jà, ó pariwo orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní kékeré. Mo yára fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ síta, nítorí ìyá tó tọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ti wọ inú ògiri." Bó ṣe wọ inú ògiri nìyẹn lóòótọ́. Ogún ọdún gbáko, kò dẹ́nu lé e, bí a tilẹ̀ jà, bí a tilẹ̀ parí ìjà. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Kò padà sí ìlú rẹ̀, ó ní ibi tí sàréè ọkọ òun bá wà ni ilé òun.

A jọ ń yan gàrí lẹ́yìn ọjà ni, obìnrin bíi mẹ́jọ. A ń bó ẹ̀gẹ́, a ń kù ú, a ń yan án, ẹnu wa kì í sì í dákẹ́. Ìyá Màrí, ọmọ ìjọ Àgùdà, a máa fi Faransé gbàdúrà kó tó gbé agbada kaná, àwa a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run Ìwòyè kò gbọ́ Faransé. Ìyá Kẹ́hìndé ló dàgbà jù láàárín wa, òun ló sì ní rédíò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Màrí ni, inú agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́ tán, ó tán nínú rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí a dìbò yan ààrẹ, tí ọ̀rọ̀ náà di gbọ́nmi-sí-i omi-ò-tó-o. Ìyá Kẹ́hìndé kò fẹ́ràn bàbá tó wà lórí oyè rárá. Ó ní ọdún mẹ́rin tó ti lò, ebi ló fi kọ́ wa. Èmi àti Ìyá Màrí ní tiwa ní kí wọ́n jẹ́ kó parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbò, àwa méjèèjì la jọ lọ, a jọ tò sórí ìlà, a jọ gbé àtàǹpàkò wa tí wọ́n fi tàdáwà kùn sókè, a ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ta ló mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn máa di ohun tí wọ́n á máa wá ẹlẹ́rìí sí?

Nígbà tí wọ́n ka èsì tán, tí wọ́n ní bàbá náà ló tún wọlé, ọ̀rọ̀ kò tán o. Àwọn tó fìdí rẹmi ní wọ́n fi èrú gbé e ni, pé èsì tó wà nínú ẹ̀rọ kò bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Àwọn tó wọlé ní ẹni tí wọ́n bá dá lulẹ̀ kì í gbà pé òun ṣubú, á ní ilẹ̀ ló yọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń pe orí rédíò, wọ́n á máa bú ara wọn bí ẹni pé wọ́n jọ jogún ìjà. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ọ̀rẹ́ méjì fa ara wọn láṣọ ya. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ tuntun kan wọ̀lú. Wọ́n ní ìdí tí ìbò bàbá yẹn fi pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni pé àwọn ará òdìkejì ló rọ́ wá dìbò fún un. Háà! Láti ọjọ́ náà ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹni tí wọ́n ti jọ ń jẹun pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa bi ara wọn pé, "Ìlú bàbá rẹ̀ dà ná?" Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oògùn bá ti pọ̀ jù, pípa ló ń pa ni.

Ọkọ mi ní àbúrò kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi dé ilé ọkọ, Akọ̀wé ni mo fi ń pè é, nítorí a kì í fi orúkọ pe ọmọ ọkọ, àti pé òun ló mọ ìwé jù nínú ilé. Ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi ló ń ṣe, òun ló ṣojú fún wọn níbi tí a ti dìbò. Ó dùn ún wọra pé ìwọ̀nba ìbò ni wọ́n rí kó níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ó wá bá mi níbi agbada. Èmi nìkan ló bá, àwọn yòókù ti lọ sí ibi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó mú ìwé àti bírò jáde.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹgbẹ́ wa ń kó orúkọ jọ fún àwọn lọ́yà. Mo gbọ́ pé nínú ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí níbí, ẹnìkan wà tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, tó sì dìbò."

Mo ní, "Akọ̀wé, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ṣé ènìyàn wà tí kì í sọ̀rọ̀ ni? Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n bi ìwọ fúnra rẹ, pé ìdí ọ̀rọ̀ rẹ kò yé òun tó."

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ̀ bóyá ó mọ nǹkan kan, tàbí ńṣe ló kàn ju ìwọ̀ sódò láti wo ohun tí yóò gbé e. Mo rò ó pé bí ó bá kọ orúkọ mi, ọkọ mi á gbọ́ pé irọ́ ni mo ń pa fún òun láti ọjọ́ tó ti mọ̀ mí. Ṣakirat ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ tíṣà ìjọba, wọ́n á bi í léèrè ìlú ìyá rẹ̀. Ìyá tó tọ́ mi á tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gan mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà lójú gbogbo yín lẹ wá ń bi? Ẹ kò kúkú lọ bi ẹni tó ń fi Faransé gbàdúrà."

Gbogbo ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò dárúkọ. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi tó ìgbà ẹgbẹ̀rún pé n kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń fi Faransé gbàdúrà láàárín wa? Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó ká ìwé náà, ó bu gàrí gbígbóná díẹ̀ jù sẹ́nu, ó dìde, ó lọ. Kò pẹ́ tí Ìyá Màrí dé, tòun ti ẹ̀gẹ́ rírin lórí. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?" Mo ní èéfín ni.

Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ó ti tán. N kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà òjò, a jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ìjọba ti ti bodè. Kí wọ́n tó wí bẹ́ẹ̀ tán, sójà àti àwọn aláṣọ ìjọba lóríṣiríṣi ti kún ojú ọ̀nà. Ìrẹsì di ohun tí à ń fojú wá. Epo ọkọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, àwọn ọlọ́kadà kò ní epo tí wọ́n á fi gbé e dé Ìmẹ̀kọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kú lọ́hùn-ún, ìhín ló máa jókòó sí tí á máa sunkún. Ọ̀rọ̀ ìbò tí a rò pé ó ti ń rọlẹ̀, ńṣe ló tún gbérí, àfi bí ìgbà tí wọ́n da epo síná.

Ìyá Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gbé rédíò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀ka fún un, ṣé ẹ rí i? Ìka tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ náà lẹ fi ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa!" Ìyá Màrí fèsì pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ìrẹsì tí a bá gbìn fúnra wa á jáde. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn kan wà lẹ́yìn ti ìhín, àwọn kan wà lẹ́yìn ti ọ̀hún. Níkẹyìn Ìyá Kẹ́hìndé fi ìbínú dìde, ó na ìka sí i, ó ní, "Ìwọ tí kì í ṣe ọmọ ibí, ta ló ní kí o bá wa dá sí i?" Òun náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ibi tó yẹ kó dé, ó jókòó, ó ń tún ìborùn rẹ̀ wé. Àwọn tó ń kọjá lọ gbọ́ ọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló kó bá Ìyá Kẹ́hìndé.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ọkùnrin mẹ́ta tó wọ aṣọ ìjọba yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn mú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n béèrè Ìyá Màrí. Wọ́n ní kó mú káàdì ìdìbò rẹ̀ wá, ó tú u láti etí ìró rẹ̀, wọ́n gbà á, wọn kò dá a padà. Ó ní ogún ọdún lòun ti wà níbí, pé ẹ̀yìnkùlé ni sàréè ọkọ òun wà, kí wọ́n jẹ́ kí òun mú wọn lọ wò ó. Èyí tó mú ìwé lọ́wọ́ wò yíká, ó ní, "Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti bí i? Ta ló lè dúró fún un?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi mọ ibi tí wọ́n ti bí i! Ibi tí wọ́n ti bí mi ni! Ṣùgbọ́n igbá tí mo fi ń ro gàrí ló wà lọ́wọ́ mi, mò ń rò ó lọ, gàrí náà ń jóná lójú mi. Ṣé ẹ mọ ẹni tó dìde? Ìyá Kẹ́hìndé ni. Ó bọ́ síwájú wọn, ó ní, "Ìyàwó ilé wa ni! Èmi gan-an ni mo wẹ ọmọ rẹ̀ nígbà tó bímọ!" Ọkùnrin náà ní, "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀?" Wọ́n mú Ìyá Màrí wọ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ, ó yọ orí síta, kì í ṣe Ìyá Kẹ́hìndé ló pè, èmi ló pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Màrí ń bẹ lọ́wọ́ yín o!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo wá Akọ̀wé lọ. Mo bi í léèrè. Ó ní ìwé yẹn ti kúrò lọ́wọ́ òun láti ìgbà tí kóòtù ti ń lọ lọ́wọ́, ọwọ́ tó ti kọjá kò lóǹkà, òun kò mọ ẹni tó gbé e fún àwọn aláṣọ ìjọba. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Má bẹ̀rù, Ìyàwó wa. Wọn kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ṣé ìtùnú nìyẹn, àbí ìhàlẹ̀? N kò mọ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọlé wa, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ni mo ń bù sí oúnjẹ rẹ̀. Ọkọ mi ń wò mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kí ló wà láàárín ìwọ àti àbúrò mi tí n kò mọ̀?" Mo búra fún un pé kò sí nǹkan kan. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ alẹ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wò ó o, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá, n kò lè sọ ọ́. Èyí tí n kò dá, n kò rí ẹ̀rí tí mo lè fi já ara mi gbà.

Màrí wà nílé-ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyá rẹ̀. Kò rí i pé Ìyá Kẹ́hìndé ló dìde, ohun tí ìlú sọ ló gbọ́. Ìlú sì ti dá ẹjọ́ tán. Wọ́n ní ta ló tún lè ṣe é, bí kò ṣe ẹni tó na ìka sí i ní gbangba pé kì í ṣe ọmọ ibí? Wọ́n ní ìdìde tó dìde lọ́jọ́ yẹn, àrékérekè lásán ni. Ẹlòmíràn tilẹ̀ fi kún un pé yàrá tí ọkọ Ìyá Màrí fi sílẹ̀ ló ń wù ú. Ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò nínú agboolé bàbá rẹ̀, ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Gbogbo ènìyàn yìn mí. Ní ibi iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tó ń bá Ìyá Kẹ́hìndé bó ẹ̀gẹ́ mọ́. Bó bá kí wọn, wọ́n á fi imú dáhùn. Nígbà tó yá, ó gbé agbada rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀, òun nìkan ló ń yan gàrí níbẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀. N kò bú u bí wọ́n ṣe ń bú u, ṣùgbọ́n n kò gbè é.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìròyìn kàn wá pé ara Ìyá Màrí kò yá. Màrí kò jẹun, ẹkún ló ń sun. Mo ní ó yá, jẹ́ kí n mú ọ lọ. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá fojú kan obìnrin yìí, màá kúnlẹ̀, màá jẹ́wọ́, ohun tó bá fẹ́ kó fi mí ṣe. A jáde lówùúrọ̀ kùtù, ọlọ́kadà kan gbé wa gba ọ̀nà oko títí dé ibi tó lè dé, a fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù láàárín oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè. Gbogbo ìgbà tí igi bá dún, mo rò pé sójà ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti dé abúlé tí wọ́n ti bí mi, tí n kò fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n sin bàbá mi.

Lábẹ́ igi máńgòrò la bá a, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Bó ṣe rí wa, ó da ẹ̀gúsí nù, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó fún wa ní ẹ̀kọ àti ẹja, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo jí i dìde nínú òkú. Nígbà tí Màrí lọ kí àwọn àbúrò ìyá rẹ̀, ó ku àwa méjì.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tì mí mọ́lé kí wọ́n tó lé mi kọjá. Wọ́n bi mí bóyá àwọn mìíràn láti abúlé wa ń gbé ní Ìwòyè. Mo ní kò sí. Wọ́n bi mí, wọ́n tún bi mí. Ṣé kí n wá fi ẹ̀gbọ́n mi lé wọn lọ́wọ́ ni?"

Omi dà lójú mi. Mo ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ, nípa ẹni tó fi orúkọ rẹ sílẹ̀."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti sọ ọ́. Mo ti mọ̀. Ìyáálé mi ni, Ìyá Kẹ́hìndé; wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi láti Ìwòyè pé ẹ̀tàn ni ìdìde tó dìde fún mi. Nítorí ìbò lásán! Mo ti gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún Màrí kó má jẹ oúnjẹ rẹ̀, kó má sì kí i mọ́ títí ayé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níwájú mi gbayawu. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú tó fi ń wò mí láti kékeré. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe ìdájọ́." Bẹ́ẹ̀ ni mo wí! Mo gbé e lé obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí, mo tún pe Ọlọ́run sí i. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Màrí ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì níwájú, inú rẹ̀ dùn pé ìyá òun ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn, n kò bẹ̀rù sójà mọ́. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n mú mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ti ìrun dé, Ìyá Kẹ́hìndé ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà mi. Obìnrin tó lè bí mi ní àkọ́bí. Ó ti ṣí gèlè rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Ṣakirat, mo ti dàgbà, n kò fẹ́ kú pẹ̀lú orúkọ yìí. Mo bínú sí i nítorí ìbò, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo fi ọmọ mi méjèèjì búra, n kò fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀. Ìwọ ni Màrí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́." Màrí jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó rí i, ó pòṣé, ó sì wọlé. Ìyá Kẹ́hìndé kò bínú. Ó kàn ń wò mí. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, màá bá a sọ̀rọ̀." Ó súre fún mi kó tó lọ.

Bí mo bá sọ òótọ́, Màrí á kó jáde, bóyá kò sì ní sí ilé kan tó máa lè gbé mọ́ ní Ìwòyè. Ọkọ mi á mọ̀ pé n kò fi ẹnu òtítọ́ wọlé rẹ̀. Orúkọ tèmi lè tún wọ ìwé mìíràn, kí wọ́n sì wá gbé mi lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní láyé á mọ̀ pé èmi tí òun fi ẹnu òun bò ni mo tú òun síta. Bí n kò bá sọ ọ́, arúgbó yẹn á kú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́rùn. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ tún máa dìbò lọ́jọ́ iwájú, mo bẹ̀ yín, ẹ dìbò yín kí ẹ sì máa lọ sílé. Àwọn méjì tó du oyè ààrẹ, tí a torí wọn ya ara wa láṣọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ọ̀nà Ìwòyè. Bí ẹnìkan bá mú ìwé wá bi yín pé ta ni kì í ṣe ọmọ ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí agbada jóná, kí ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ìyá Kẹ́hìndé ní lọ́túnla, tíí ṣe ọjọ́ ọjà, òun á yà wá gbọ́ ohun tí Màrí wí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kí ni kí n sọ fún un?